Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá Ni Mo Kọ̀ fún Un

Kílófàá ọmọ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí dé pé pérépéré, 30,000. Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ṣe, nítorí mi ò fẹ́ kí o rò pé ẹni tí owó ẹgbẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ti ń fi tìrẹ náà ṣòfò.

Epo ìdáná: 2,400
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tèmi àti ti bàbá rẹ: 3,150
Dátà ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ìpín tèmi: 2,000
Páànù méjì àti ìṣó fún òrùlé ilé ìdáná: 4,600
Ìwé ìkọ̀wé, àpò ìwé àti owó ìfìwéránṣẹ́: 350
Ìdí tuntun tí wọ́n kàn mọ́ bàtà mi: 700
Owó tí mo san fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: 15,000

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28,200. Ó ku 1,800, ó wà nínú agolo mílíìkì lórí àpótí, bàbá rẹ sì ti bá mi kà á.

Ó yá, ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ìrora orúnkún tí àtẹ̀gùn ilé yín ń fà fún ọ ti dínkù? Ẹni tó dá ọ sí láti ìgbà tí o wà lọ́wọ́ mi kò ní fi ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí o ti wà lọ́wọ́ ara rẹ. Iṣẹ́ tí o jí lọ ṣe láàárọ̀, ire ni o máa bá bọ̀. Ọ̀gá rẹ kò ní rí àṣìṣe rẹ kí ìwọ tó rí i. Bàbá rẹ kí ọ, wọ́n ní àwọn ti ń lo awò ojú tí o rà, pé àwọn ti wá rí i báyìí pé ògiri ilé wa kò mọ́ rárá. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì. Àgbò ńlá ti lọ, mo tà á, ìdí tí mo fi tà á ni mo fẹ́ sọ.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ju 45 lọ, lẹ́tà yìí sì ná mi ní 350, nítorí náà o mọ̀ pé kì í ṣe torí àtiṣọ́wó ná ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Ojú ló ń tì mí. Bí mo bá pè ọ́, wàá gbọ́ ohùn mi, èmi náà á sì gbọ́ bí o ṣe máa dákẹ́, mi ò sì lè gbà kí ìwọ tí mo bí dákẹ́ mọ́ mi lórí. Bébà kì í dákẹ́ mọ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Aránṣọ tó yá yàrá iwájú wa, tí mo pè ọ́ lóṣù tó kọjá tí mo sọ fún ọ pé ó jí owó ẹgbẹ́, kò jí owó kankan. Èmi ni. Kì í ṣe pé mo jí i, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣí ọ̀nà tí owó náà gbà lọ, mo tún wá dìde láàárín ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo na ìka sí ọmọlọ́mọ. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé n kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

O mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣọ́ ibi ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ pákó. Nínú ọdún méjìlélógún yẹn, igi kan kò wọlé láìní ìwé. Ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀, bí kò bá sí ìwé, ó dúró síta. Mo ní ìwé ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń kọ ẹni tó wá, aago tó wá, ohun tó ní òun gbé wá, àti ìdí tí mo fi gbà á tàbí tí mo fi lé e. Mo máa ń fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí kan á sì fọwọ́ sí i. Bí ẹlẹ́rìí bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tèmi, á kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ìwé tí ohùn ẹnì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ kò ní kà á sí. Bí mo ṣe ṣiṣẹ́ nìyẹn títí wọ́n fi fún mi ní aago ìfẹ̀yìntì, aago náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wá fi mí ṣe akápò, tí o sì gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wá láti ilé iṣẹ́ yín kí a lè máa fi kọ̀ǹpútà bá báǹkì sọ̀rọ̀, mo tọ́jú ẹ̀rọ náà bí ẹyin. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi aṣọ tí mo fọwọ́ hun bò ó nítorí eruku, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mo máa ń pa á kí ó lè sinmi. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, mi ò fọwọ́ kàn án. O ní kí n yí i padà, mo rántí, ṣùgbọ́n mo rò ó pé nǹkan tó dé tuntun, kí ló dé tí ènìyàn á fi sáré bà á jẹ́? Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e gan-an ṣì wà lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, mo ṣí kọ̀ǹpútà, ni mo bá rí i tí nǹkan kan jáde láàárín ojú rẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti rí i pé ó ní ibi àìlera kan, tí ẹni tó wà lókèèrè lè gbà wọ inú rẹ̀, pé àtúnṣe ti dé, ṣé kí ó wọlé? Ibì kan wà láti tẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ibì kan wà láti tẹ̀ pé kì í ṣe nísinsìnyí. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bi ara mi pé ta ló rán an wá. Kò sí ìwé. Kò sí orúkọ. Ẹnì kan kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ pé àwọn olè wà nígboro, torí náà kí n ṣílẹ̀kùn fún òun. Irú wọn mélòó ni mo ti lé lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ pákó! Mo tún wo ìwọ̀n rẹ̀, mo ṣírò rẹ̀, owó dátà tí yóò jẹ tó 60. Mo tẹ̀ pé kì í ṣe nísinsìnyí. Mo mú ìwé tuntun, mo fi nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀ láti ọ̀kan títí dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì kọ ọ́ sí ojú ewé kìn-ín-ní pé: Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Àjèjì kan béèrè láti wọlé. A kò mọ̀ ọ́n. A kò gbà á.

Mo fọwọ́ sí i. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, òun nìkan ló wà nítòsí, mo ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín.

Nǹkan náà tún wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Mo lé e, mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, aránṣọ fọwọ́ sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé Màmá, ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ kí a gbà á, pé òun rò pé ẹ̀rọ náà ló ń sọ fún wa pé ara òun kò yá. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ọkàn rẹ ti rọ̀ jù, wàá ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ti sọ pé inú ń run òun. Ó ní kò burú, pé ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí òun kọ èrò òun sí ẹ̀gbẹ́, nítorí èmi ni mo kọ́ òun pé ẹ̀tọ́ ẹlẹ́rìí ni. Mo fún un ní bírò. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ó ń kọ́ iṣẹ́.

Láàárín ìyẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti nọ́ńbà tí n kò mọ̀. Ó ní oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àtúnṣe wọ inú ẹ̀rọ yín, ó ṣe pàtàkì. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé wá. Ṣé ìwọ náà kọ́ ló sọ fún mi nígbà tí o wá sílé pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé sí mi pé kí n tẹ nǹkan kan, kí n má tẹ̀ ẹ́? Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo dá a lóhùn. Mo kọ ọ́ pé olè ni ẹ́, pé ìyá tó bí ẹ kò kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́, pé ibi tó bá wà kí ojú máa tì í. Ìdáhùn náà ná mi ní 4.

Kílófàá, wọ́n ti ṣàlàyé fún mi báyìí pé ọ́fíìsì yín ni àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ti wá, láti ẹ̀ka tí o sọ fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé wọ́n ti gbé ọ lọ, pé ìwọ ni o ń kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà báyìí. Mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ nígbà yẹn, mo sì fi yangàn. Nítorí náà èmi ni mo san 4 láti bú ara mi, ojú náà sì ti tì mí bí mo ṣe gbàdúrà pé kí ó tì mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo kọ̀ fún àtúnṣe yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹrìnlá bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, mo fẹ́ san owó tí ẹgbẹ́ yá gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣe ibùsùn, kí ó lè ra ẹ̀rọ ìfági tuntun. Mo ṣí ojú ewé báǹkì. Ohun gbogbo rí bó ṣe máa ń rí, àwọ̀ rẹ̀, àmì rẹ̀, ìkíni tí wọ́n ń kí mi. Àfi pé wọ́n béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún béèrè èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀ o. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ síta, mo ní báǹkì yìí ti ń ṣọ́ra sí i, wọ́n ti wá ń ṣe bíi tèmi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, 186,400 ti kúrò nínú owó ẹgbẹ́. Báǹkì rí 61,400 dì mú lọ́nà. 125,000 ti wọlẹ̀ lọ.

Wọ́n ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tèmi ni wọ́n fi wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tó máa ń jókòó sí ibi tó ti lè rí ọwọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Mo wá rántí pé ẹni náà kan náà ló ń sọ fún mi pé kí n gbà á wọlé, kí n gbà á wọlé. Mo ṣe ìṣirò náà bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò gbogbo, kò sì ṣẹ́ ku nǹkan kan. Bàbá rẹ ní ọmọ yẹn kò lè jalè, pé bí ó bá rí bọ́tìnnì nílẹ̀, yóò wá olówó rẹ̀ káàkiri. Mo ní kí wọ́n má dá sí i, pé wọn ò ṣiṣẹ́ ẹnu ọ̀nà rí.

Nípàdé, mo dìde, mo sì sọ ọ́. Ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Aránṣọ kò sunkún, kò búra. Ó ní Màmá, òun ti gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí abẹ́ páànù gbẹ́nàgbẹ́nà lójú títì, níbi tí ìyẹ̀fun pákó ti ń bà lé aṣọ oníbàárà. Àmì ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí sìmẹ́ǹtì yàrá iwájú wa, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí mo bá ń gbálẹ̀. Mo pè é lólè lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta omi, mo pè é lólè lọ́dọ̀ olóògùn, mo lọ bá ọ̀gá obìnrin ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn sì gba iṣẹ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Aṣọ méjìléláàádọ́fà. Mo pè ọ́. Ìwọ náà sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i.

Ó fi hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò pa á rẹ́. Mi ò lè kọ ohun tí o pè é síbí. Ọmọbìnrin yẹn ló rán ẹ̀wù tí o wọ̀ lọ bá wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, tí kò gbowó, tó ní o máa san án nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ bá dé. Mo bi í lóṣù tó kọjá kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé bóyá o san án. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé iṣẹ́ yín rán ẹni tí yóò yẹ ẹ̀rọ náà wò, torí alága ẹgbẹ́ kò yé pè wọ́n. Obìnrin kan ló wá, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó fi okùn so awò mọ́ ọrùn. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi, mo sì bi í pé ọkùnrin tó máa ṣe iṣẹ́ náà dà. Ó ní òun gan-an ló máa ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ìyẹn ni ìtìjú kékeré, mo kàn ní kí n má fò ó.

Mo gbé ìwé mi fún un. Ọmọ mi, bí o bá rí bí mo ṣe gbé e fún un! Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Mo ní kó wò ó, pé ní ilé yìí, a kò sùn, pé ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni àjèjì wá, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni a lé e, àti ọjọ́ àti aago àti ẹlẹ́rìí. Ó ka ojú ewé kìn-ín-ní. Ó ka ìkejì. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé dókítà ni ẹ ń lé.

Mo ní kí ni ìyẹn. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ wa ni mo ń bi léèrè ọ̀nà báǹkì nígbàkígbà tí mo bá ń lọ, òun ló ń mú mi lọ́wọ́. Ó ní ibi àìlera wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹnì kan sì gba ibẹ̀ wọlé láti òkèèrè, ó yí ọ̀nà náà padà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ní kí ó mú mi lọ sí báǹkì, ilé mìíràn tí wọ́n kùn bíi báǹkì ló mú mi lọ, èmi sì fi ọwọ́ ara mi kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Mo bi í bóyá olè náà ga tàbí ó kúrú. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀, pé ó ṣeé ṣe kó máà dìde lórí àga rẹ̀ rárá. Mo ní ta ló wá ṣílẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀rọ náà ni. Mo ní kí wọ́n mú ẹ̀rọ náà kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní Màmá, ó ti sọ tẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrìnlá.

Ó tún béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo sọ fún un pẹ̀lú ayọ̀ pé bí wọ́n ṣe gbé e wá ló wà. Ó kàn gbá orí mú.

Ó wá fi ìka sí ojú ewé keje, ó ní ta ni ẹni tó kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́. Mo gba ìwé náà, mo kà á. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti wò ó mọ́, ọwọ́ tèmi nìkan ni mo máa ń wò. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé keje pé: Èrò tèmi ni kí Màmá gbà á. Ẹ̀rọ náà ní ara òun kò yá. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé kọkànlá pé: Mo tún sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé kẹrìnlá pé: Mo ti sọ ọ́ tó.

Obìnrin náà ní aránṣọ yìí ì bá ti ba olè yẹn níṣẹ́ jẹ́, ká ní ẹnì kan gbọ́ tirẹ̀ ni.

Ojú mi wálẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ níbẹ̀ lórí ẹ̀yìn ìwé, torí ọwọ́ mi kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Mo pín 125,000 tó lọ sí 60 tí mo ń ṣọ́. Ìgbà 2,083 ni, ó sì ṣẹ́ ku 20.

Èyí tó kù ni mi ò ní sọ fún ẹlòmíì. Nígbà tí obìnrin náà jáde lọ pe ọ́fíìsì yín, mo mú abẹ́ ìfárí bàbá rẹ. Mo ní bí mo bá gé ojú ewé mẹ́ta péré kúrò, aránṣọ kò sọ nǹkan kan, a jọ ṣe àṣìṣe ni. Bàbá rẹ wúkọ́ láti ojú fèrèsé. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní ojú ewé kẹfà, ìkẹjọ ló máa tẹ̀ lé e báyìí, àbí. Mo fi abẹ́ sílẹ̀. Mo mú gọ́ọ̀mù, mo lẹ ìkẹfà mọ́ ìkeje. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tó fi wà bẹ́ẹ̀. Mo gbé omi kaná, mo fi èéfín rẹ̀ ṣí i padà. Ojú ewé náà ti ká kò bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n tu. Bí o bá wá sílé, mo máa fi hàn ọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí mo fẹ̀sùn kàn án, ẹgbẹ́ pàdé. Mo ti ń kọ́ ohun tí mo máa sọ níwájú bàbá rẹ, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ní mo ti ń pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́ jù, kí n pe ara mi. Nígbà tó kàn mí, mo pa ohun tí mo kọ́ tì, mo kàn ṣí ìwé náà, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀rọ ti ní ara òun kò yá, gbẹ́nàgbẹ́nà bú sẹ́rìn-ín, òun tí owó rẹ̀ ló lọ, ó rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń dún. Alága ṣí fìlà wọn, wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Mo kà á tán. Mo ní èmi ni, pé òun kọ́.

Wọ́n ní kí n san ìdajì, 62,500, kí ẹgbẹ́ gba ìdajì yòókù mọ́ra. Mo ta àgbò 28,000, mo yọ 19,500 nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, mo fi 15,000 rẹ lé e. Ó pé, mo gba rìsíìtì. Wọn ò gba ipò akápò lọ́wọ́ mi, torí kò sí ẹlòmíì tó lè ròwó pọ̀ láìlo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa ka owó nìkan, kí n má tẹ nǹkan kan.

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àkókò yẹn, kò jókòó. Mo lọ bá a. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, èmi ìyá àgbà, ó di apá mi mú, ó ní orúnkún mi kò dára, kí n má fi kún ìnáwó oògùn. Mo ní kó sọ iye tó bá fẹ́. Ó ní òun kò ní iye. Ó ní ẹnu ni mo fi tú òun ká, ẹnu náà ni kí n fi ṣà òun jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún. Ó ní ṣebí mo mọ ìṣirò, kí n ka orí wọn. Ó ní bí ẹni ìkẹyìn bá ti gbọ́, òun á wá wo yàrá náà bóyá ìmọ́lẹ̀ fèrèsé rẹ̀ ṣì dára.

Mo kà wọ́n. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ìpàdé, mẹ́jọ káàkiri. Nínú àwọn ti ìpàdé, méjìdínlógún ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo kàwé. Mo ti fẹsẹ̀ rìn dé ilé méje mìíràn. Ó le, Kílófàá. Ẹni tó bínú kò le tó ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olóògùn ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, mo ní kó rántí rẹ̀ dáadáa, kí n lè bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé rẹ̀.

Ìwọ ni ẹni kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Lẹ́tà yìí ni ẹsẹ̀ tí mo fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́ nìyí: pe aránṣọ. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, pè é, jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ. Bí o kò bá sì tíì san owó ẹ̀wù yẹn, má jẹ́ kí n mọ̀, kàn san án.

Nǹkan kan tún kù tí mo fẹ́ béèrè. Láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti bá wa tún ẹ̀rọ náà ṣe, mo ti pinnu pé mi ò ní lé ẹnikẹ́ni mọ́. Lórí fóònù mi, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹni mẹ́sàn-án ló béèrè, gbogbo wọn ni mo gbà. Ọ̀kan ń fi ìròyìn bí ènìyàn ṣe lè tínrín ránṣẹ́ sí mi ní wákàtí wákàtí, ọ̀kan ní mo ti jẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí n kàn fi nọ́ńbà báǹkì mi ránṣẹ́. Bàbá rẹ ní kí n dúró ná. Jọ̀ọ́ kọ àwọn tó yẹ kí n gbà àti àwọn tó yẹ kí n lé sínú bébà fún mi, pẹ̀lú àpẹẹrẹ, kí o sì fọwọ́ sí i. Bí owó bá wà, fi 8,000 ránṣẹ́, 5,000 láti kun yàrá iwájú, 3,000 fún oògùn oṣù tó ń bọ̀, torí n kò ní nǹkan tó kù tí mo lè tà. Bí kò bá sí, má yá owó.

Kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ má sùn. Kí o máa gbọ́ràn sí ẹni tó kéré sí ọ lẹ́nu nígbà tó bá tọ̀nà, èyí tí mi ò ṣe. Kí o bímọ tí kò ní ní ìdí láti kọ irú lẹ́tà yìí sí ọ, kí ìwọ náà má kọ ọ́ sí i. Àmín.

Ọ̀gá obìnrin ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lára àwọn tó kù. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì ni mo ṣe bí ẹni tó ṣi ọ̀nà, mo sì padà. Ọjọ́ Ajé ni mo tún ń lọ.

Èmi ni ìyá rẹ.

Àwọn tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi: 34.
Àwọn tó ti gbọ́ òótọ́: 26, bí o bá ti ka èyí tán.
Ó ku mẹ́jọ, n kò tíì san.